Aṣọ Ìrìbọmi Kẹtàlá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Aláṣọ Omi (1953–2024)

Yàrá òkè kan, lórí ṣọ́ọ̀bù atúnaagoṣe, ni wọ́n bí Màmá sí ní ọdún 1953. Bàbá wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin tó máa ń gbàdúrà kó tó ṣí ẹ̀yìn aago aláago. Ìyá wọn sì jẹ́ aránṣọ. Màmá nìkan ni obìnrin nínú ọmọ mẹ́rin. Bàbá wọn a máa fi yangàn pé ọmọ náà dé ṣáájú ọjọ́ tí agbẹ̀bí dá, àti pé láti ìgbà náà kò pẹ́ débì kankan rí. Ẹbí ò mọ̀ pé bí Màmá ṣe máa lọ náà nìyẹn, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni múra. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, ẹnu ṣì ń ya gbogbo ilé. Bí ilẹ̀kùn bá dún, ẹni tó wà nítòsí á fẹ́ sọ pé, "Màmá, ẹ káàbọ̀," kó tó rántí.

Ní 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ojú bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn ní 1965, tí kò lè tún aago ṣe mọ́, ilé ìwé dúró níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn ni wọ́n ti ka ìyókù: ìwé orin, ìwé ìròyìn ìjọ, àti bébà yòówù tí àwọn oníbàárà bá fi di aṣọ wá. Ìyá wọn kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan okùn ìwọ̀n títí wọ́n á fi fojú wọn ẹni tó dúró níwájú wọn. "Wò ó dáadáa. Sọ ìbú èjìká rẹ̀ fún mi kí o tó na okùn." Kí wọ́n tó pé ogún ọdún, Màmá lè wo ènìyàn láti òdìkejì títì, kí wọ́n sì rán aṣọ tí kò ní há mọ́ ọn lára, tí kò sì ní tóbi jù fún un.

Ní 1975 ni wọ́n fẹ́ Bàbá, oníṣẹ́ iná ní ilé iṣẹ́ omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá mú ṣòkòtò kan náà wá fún àtúnṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá gbójú sókè: "Ọ̀gá, ṣòkòtò yìí ò ya mọ́. Kí lẹ wá ṣe gan-an?" Bàbá ní òun ti gbàgbé. Títí dòní, Bàbá ò tíì rí àlàyé tó dáa ju ìyẹn lọ. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn, ọkùnrin kan ní 1977, obìnrin méjì tẹ̀ lé e.

Ọdún 1981 ni ìjọ fa aṣọ ìrìbọmi lé Màmá lọ́wọ́. Àwọn ló ń rán an, àwọn ló ń fọ̀ ọ́, àwọn ló ń lọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá ti jáde látinú omi, Màmá ló ń gba aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa gbàdúrà sórí orúkọ onítọ̀hún bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ náà. Àwọn ọmọ kéékèèké ìjọ ló sọ wọ́n ní Ìyá Aláṣọ Omi.

Màmá fẹ́ràn ìròyìn ìjọ kárí ayé bí ẹlòmíì ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Wọ́n á gé e látinú ìwé ìròyìn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Apá kan ògiri jẹ́ ti àwọn ibi tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run nínú ilé ìdáná, tí wọ́n fa aṣọ bo fèrèsé, síbẹ̀ tí wọ́n ń pọ̀ sí i. Apá kejì jẹ́ ti àwọn ibi tí wọ́n ti ta bẹ́ǹṣì ìjọ, tí ilé ìsìn ti di ṣọ́ọ̀bù àga. Ní àràárọ̀, wọ́n á dúró láàárín méjèèjì: "Olúwa, tún wa sọ jí. Ilé mi ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Ilé wọn ni ọ̀rọ̀ náà sì ti kọ́kọ́ bà wọ́n. Ní 1999, orúkọ àkọ́bí wọn wà nínú ìwé ìrìbọmi, aṣọ rẹ̀ sì ti wà lórí ìkọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, níwájú pásítọ̀, ó ní òun ò wọnú omi.

"Màámi, ogójì ni wọ́n fẹ́ kí á pé, kí wọ́n lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olú-ìjọ. Pásítọ̀ ò tilẹ̀ mọ orúkọ mi. Ẹ bi wọ́n."

Ojú ti Màmá. Wọn ò bi pásítọ̀. Wọ́n ní, "Bó ò bá ti ní wọnú omi, má wọnú ilé mi mọ́." Ọmọ náà di ẹrù rẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ gíláàsì ní apá kejì ìlú. Ẹbí kọ èyí síbí nítorí pé Màmá fúnra wọn ti jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ.

Ọdún 2011 ni. Nínú ìpàdé ọdọọdún, akọ̀wé ìjọ ka iye ènìyàn tó ti kún ìjọ lágbàáyé, ó sì ka ti ìjọ tiwọn lé e. Àtẹ́wọ́ sọ. Màmá dìde.

"Akọ̀wé, ẹ ṣé o. Nínú gbogbo àwọn tí mo fún aṣọ wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mẹ́ta péré ni mo ṣì ń rí. Àwọn tó kù dà?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ tán ná."

"Ẹ pàtẹ́wọ́ tán. Mo dúró. Ẹsẹ̀ ò tíì dùn mí."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni Màmá ti sọ pé ọmọ àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, òun sì ni àwọn lé jáde. "Ìjọ ń gbilẹ̀ láyé, mo yin Olúwa. Àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n sì ń sọnù. Àwọn tó sọnù lọ́wọ́ wa, ta ló mọ ilé wọn?"

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Ẹnì kan rí wọn, ó figbe ta: "Ìyá Aláṣọ Omi! Ẹ má rì mí mọ́ o, mo ti tutù tó!" Màmá ní, "Mi ò kó aṣọ wá. Mo wá wò ó bóyá ara rẹ le ni." Àwọn kan padà, àwọn kan ò padà. Nígbà tí akọ̀wé bi wọ́n léèrè iye tó padà, wọ́n ní iye yẹn ló ti kó àwọn sí wàhálà nígbà kan. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ìsọjí bá máa dé, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn dé, á sì mọ orúkọ onílé.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni Màmá ò lè kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rán ọmọ wọn kejì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Èsì kan náà ló mú bọ̀: "Kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́." Màmá á gbọ́, wọ́n á padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń jáde, wọ́n á ní àwọn ń lọ ra òwú. Bàbá a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé o ń jẹ òwú náà ni?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ní ọ̀sán, Màmá ń lọ aṣọ ìrìbọmi ti ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì ń kọrin. Orin dúró láàárín ẹsẹ kejì. Bàbá, tó wà ní yàrá kejì, rò pé ọ̀rọ̀ orin ni Màmá gbàgbé. Bàbá bá wọn kọ ọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó gbè é. Nígbà tí Bàbá yọjú, áyọ́ọ̀nù ti wà ní ìnàró, Màmá wà lórí àga wọn, ọwọ́ wọn lórí aṣọ. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì.

Orúkọ méjìlá ló wà nínú ìwé tí pásítọ̀ fún wọn. Aṣọ tí wọ́n lọ̀ jẹ́ mẹ́tàlá. Ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kà á, ó tún un kà. Ìkẹtàlá gùn, ó fẹ̀ níkùn, kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn méjèèjìlá. Nígbà tó yí inú rẹ̀ síta, ó rí ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tú aṣọ náà, tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni àkọ́bí dé. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ti ní irùngbọ̀n, ó ti ní ikùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó sáré wọ yàrá, ó gbé aṣọ náà jáde, ó nà án mọ́ ọn lẹ́yìn. Èjìká pàdé èjìká. "Ta ló wọ̀n yín?"

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọjọ́bọ̀," ló wí. "Wọ́n máa ń jókòó sí ibùdókọ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Bọ́ọ̀sì á dé, bọ́ọ̀sì á lọ, wọn ò ní wọ̀ ọ́. Èmi náà ò ní kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ń dúró kí wọ́n sọdá."

Bàbá ní, "Òun náà ń dúró kí o juwọ́ sí i ni."

Títì kan péré. 

Bàbá ló gbẹ̀yìn Màmá, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, onígíláàsì, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti àwọn tí Màmá kan ilẹ̀kùn wọn, tí wọ́n ń ya wọ ilé láti ọjọ́ náà, tí ẹbí ò mọ̀ wọ́n rí.

Àkọ́bí bẹ ẹbí pé kí wọ́n má kọ ọ́ síbí pé òun ti padà sínú ìjọ. Ó ní òun ò tíì mọ̀, Màmá ò sì fẹ́ iye èké. Àmọ́ ó mú aṣọ kẹtàlá lọ sílé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, ó ní kí á tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, kí Màmá lè gbọ́: "Màámi, ó ṣe rẹ́gí."

Ìyá Aláṣọ Omi, afúnṣọ-gbàdúrà, afojúwọnni-má-ṣìwọ̀n, ọmọ atúnaagoṣe tí kì í pẹ́ dé. Ẹ ti sọdá báyìí. Níbi tí ẹ dé, orúkọ yín ni wọ́n fi pè yín wọlé. Ẹ sùn un re, Màmá. Ẹ sinmi o.