Pílásítà àti Áyọ́ọ̀nù

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹ̀bìbí

Èmi àti oògùn oníhóró ò ṣọ̀rẹ́ mọ́. Mo gbé e mì, mo bì í. Mo tún gbé e mì, mo tún bì í. Inú Ayálégbé ń dùn — orúkọ tí mo sọ jẹjẹrẹ inú egungun ìbàdí mi nìyẹn, torí kì í sanwó, kò sì fẹ́ kó jáde. Dókítà wá lẹ pílásítà mọ́ mi lápá, ó ní kí n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ó ní awọ ara ni oògùn inú rẹ̀ máa gbà wọlé díẹ̀díẹ̀, kò ní kan ikùn rárá. Mo ní ìbàdí ló ń dùn mí, kí ló kan apá? Ó ní ẹ̀jẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó tún ní kí n pa ṣọ́ọ̀bù tì, kí n sinmi. Èmi alágbàfọ̀, kí n sinmi. Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ náà ni mo gbọ́.

Ọjọ́rú, 5

Mo dúró ti tábìlì látàárọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì. Ayálégbé dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ooru ṣọ́ọ̀bù ń mú mi làágùn, etí pílásítà ń ṣí. Ọgbọ́n ju agbára lọ: mo tẹ́ áńkáṣíìfù lé e, mo fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe ń tẹ gọ́mù mọ́ kọ́là kó lè le. Ó lẹ̀ pinpin. Kí dókítà wá wò ó. Báyìí ni màá ṣe máa ṣe é láràárọ̀.

Àìkú, 9

Oorun. Ahọ́n wúwo. Ara ń yún mi.

Ìṣẹ́gun, 11

Mo jó kóòtù ọkọ ìyàwó. Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò ṣẹlẹ̀ rí. Oorun gbé mi lọ, áyọ́ọ̀nù sì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi obìnrin ló sáré yọ wáyà. Mo bẹ oníkóòtù, ojú tì mí gidi.

Ọjọ́rú, 12

Alága dé — àbúrò mi ọkùnrin, tí kì í rí èèyàn méjì kó má sọ ọ́ di ìpàdé. Ó ní àrùn ti gùn mí dé orí, orí mi ò pé mọ́. Ó ti rí ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti tọ́jú yàrá fún mi nílé rẹ̀. Ọmọ mi ń wolẹ̀. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò lè to ọ̀rọ̀. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ fún un. Bóyá òótọ́ ló ń sọ.

Àbámẹ́ta, 15

Láti ibùsùn ọsibítù. Lánàá, nọ́ọ̀sì wá wò mí nílé. Ìyá Ìbéèrè ni mò ń pè é. Ó di apá mi mú, ó tún fọwọ́ kàn án.

"Màmá, kí ló mú kí ojú ibí yìí gbóná báyìí?"

Mo ṣàlàyé fún un, tìgbéraga-tìgbéraga, pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù ilé tẹ̀ ẹ́ ni. Obìnrin náà jókòó. Ó ní ooru ló ń ti oògùn wọlé: èyí tó yẹ kó máa wọra ní kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, áyọ́ọ̀nù mi ń dà á sí mi lára gbàà. Díẹ̀ ló kù kí n sùn kí n má jí. Ó ṣí i kúrò, wọ́n gbé mi wá síbí, wọ́n sì ṣọ́ mi di àárọ̀.

Orí mi pé. Orí mi pé! Ẹ lọ sọ fún Alága.

Àìkú, 16

Dókítà ní kí n mú ọ̀kan: pílásítà tàbí ṣọ́ọ̀bù, torí ooru ibẹ̀ nìkan gan-an léwu.

"Ẹ yí ọ̀nà oògùn padà, dókítà. Èmi ò ní yí iṣẹ́ mi padà."

Ó ní abẹ́rẹ́ ń yá, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gún un fún mi ní ṣọ́ọ̀bù? Ìyá Ìbéèrè ní èyí tí wọ́n ń kì bọ̀dí tún wà. Mo ní kó gbé ìyẹn fún Alága. Ó rẹ́rìn-ín títí. Níkẹyìn, hóró kékeré tó ń yọ́ lábẹ́ ahọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ló ń gbé e lọ tààrà, ikùn ò ní rí i débi tí yóò bì í. Kíá ló ń ṣiṣẹ́, kíá náà ló ń tán. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi. Alága ní òun ti bá ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ parí. Mo ní kó lọ bá a sọ òmíràn.

Ẹtì, 21

Ojú mi dá ṣáká. Tí ìrora bá ti yọjú, mo jókòó, mo fi hóró sábẹ́ ahọ́n, mo panu dé. Oníbàárà kan rò pé ìgbéraga ni, ó ní mò ń ṣe fọ́ńté.

Ìṣẹ́gun, 1 Òkúdù

Mo ti ọ̀dọ̀ dókítà dé. Ayálégbé ti gba yàrá kún yàrá, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi áyọ́ọ̀nù, kì í ṣe ti ọ̀nà kankan tí oògùn gbà. Mo bi í pé ó ku ọjọ́ mélòó fún mi. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo dìde.

Ẹ̀rù bà mí. Ibí nìkan ni mo ti máa sọ ọ́.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo mú aṣọ búlúù mi, mo lọ̀ ọ́ tinútẹ̀yìn, mo gbé e kọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní fi aṣọ rírún sin mí. Ọmọ mi wọlé, ó rò pé òde ni mò ń lọ, ó ní aṣọ náà máa yẹ mí. Ó bi mí pé ọjọ́ wo lòde náà. Mo ní mi ò tíì mọ̀.

Ó yé e. Ó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà mo ní kó dìde, kó di etí kejì aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú ká jọ ká a. Ẹni tó ni ín ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.