Ta Ni Kí N Fún ní Ehoro Mi?

Olóòtú ètò rédíò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín láti orí òkè Kúlú nílẹ̀ Íńdíà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí àwọn ará ilé ọkọ mi ń gbọ́ yín.

Mò ń lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi nílùú ńlá, mo sì ń wá ilé rere fún àwọn ehoro Àńgórà mi, àwọn onírun gígùn tí à ń fi irun wọn hun aṣọ. N kò gba rúpì kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin kọ́kọ́ mú méjì. Àfi bó ṣe rẹ́ irun wọn kan awọ nígbà yìnyín, kó lè fi hun ìborùn ìyàwó fún ọmọ ẹ̀! Òtútù pa méjèèjì.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, nínú yìnyín?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, ṣé a kì í rẹ́ irun àgùntàn ni?”

“Ta ló ń rẹ́ àgùntàn nínú yìnyín?”

Ó tún fẹ́ gba méjì tó kù báyìí! Dilmaya, ará Nepal tó ń bá wa ká èso ápù lóko, ló ń ya irun wọn nírọ̀lẹ́, òun ni mo fẹ́ fún. Ọkọ mi ní, “Alágbàṣe lo fẹ́ fún, kí ẹ̀gbọ́n mi wá máa wòran?”

Ẹ̀yin olùgbọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ehoro, ilé ta lẹ máa sùn?

Èmi ni,
Ìyá Ehoro.