Mi Ò Ní Ṣe Aláìsàn fún Tíṣà Kankan

Akọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ìyàwó rẹ ń bẹ, ṣé ọmọ ń bẹ, ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ò pariwo mọ́ ọ mọ́? Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n bí inú ṣe ń bí èèyàn tó, ó yẹ kó kọ́kọ́ kíni. Ẹ ó máa jáde ire, ẹ ó máa wọlé ire, ojú ò ní ti yín láàárín ẹgbẹ́ yín. Níbí, kò séwu. Adìẹ funfun yẹn ti pamọ mẹ́jọ. Ara ìyá rẹ le koko, orúnkún rẹ̀ kan nìkan ló ní kó máa di ògiri mú bó bá ń rìn.

Mo gbọ́ pé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ti pè ọ́ lórí fóònù láti fẹjọ́ mi sùn. Ìyá rẹ ló fún un ní nọ́ńbà rẹ lẹ́yìn mi, èmi àti òun ti jọ yanjú ìyẹn. Wọ́n ní tíṣà sọ fún ọ pé mò ń da kíláàsì rú. Èmi! Èmi tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá yẹn, tí mo rí i pé bẹ́ǹṣì mẹ́ta ń mì bí eyín àgbàlagbà, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ gbé òòlù àti ìṣó, mo sì kàn wọ́n pa, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni, ìwọ náà mọ̀. Jókòó, kí o gbọ́ tèmi.

O mọ ohun tó gbé mi dé kíláàsì. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe káfíńtà, pákó kan ò tíì bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ọmọ rẹ ni. Lọ́jọ́ tí o fi í hàn wá nínú fóònù, mo dé fìlà, mo dìde dúró, mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi, ṣé dáadáa ni?” Ọmọ náà wo ojú rẹ, ó sọ nǹkan kan ní Gẹ̀ẹ́sì, o sì rẹ́rìn-ín. Mo rò pé òkùnkùn ọ̀dọ̀ wa ni kò jẹ́ kó gbọ́. Mo gbé fóònù lọ sójú fèrèsé, mo gbé e jáde síta, mo tiẹ̀ gun orí tábìlì iṣẹ́ mi kí ohùn mi lè ròkè. Ibi tí mo ti ń gun tábìlì lọ́wọ́ ni ọmọ ti sá lọ ṣeré, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ni mo bá nínú fóònù nígbà tí mo dókè. Ó dùn mí. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ-ọmọ mi kan ṣoṣo, kò mọ̀ pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìwé, orúkọ mi ló ṣáájú.

Ìjà kìíní ti orí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wá. Wọ́n béèrè orúkọ, mo kọ ọ́. Wọ́n béèrè iṣẹ́, mo kọ ọ́. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ìwé tán ni wọ́n ní ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣe mí. Ẹ gbà mí! Èèyàn tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá kọ́ ìwé, kí ni yóò ṣe é? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé, “Nǹkan kan ò ní ṣe mí, ẹ má pe ẹnikẹ́ni.” Tíṣà ní àfi kí nọ́ńbà wà níbẹ̀. Mo ní kó kọ tiẹ̀ sí i.

Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀, títí dé orí pé ọmọdébìnrin tí ò ju àbúrò rẹ lọ ń ní ká pàtẹ́wọ́ ká máa kọrin bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá dé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tó pè ní Àwùjọ Wa. Ó lẹ ìwé ńlá kan mọ́ pátákó, ó ya ọsibítù, bánkì, ilé ìfìwéránṣẹ́, àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé àwọn panápaná, ó ní àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ láwùjọ nìwọ̀nyí. Mo nawọ́ sókè bó ṣe kọ́ wa. Mo ní, káfíńtà ńkọ́? Ta ló kan ilẹ̀kùn ọsibítù yẹn? Orí kí ni ọlọ́pàá jókòó lé? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ káfíńtà sí igun ìwé nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ya garawa ìdọ̀tí sí. Mo gbé ìyẹn náà mì.

Lẹ́yìn náà ló to tábìlì káàkiri yàrá, ó ní ọsibítù nìyí, àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn, ó sì ń fún kálukú ní páálí tí wọ́n kọ iṣẹ́ tó máa ṣe sí. Onígbàjámọ̀ tí a jọ wà ní kíláàsì gba dókítà. Èmi, ó fún mi ní aláìsàn. Ó ní kí n lọ bá onígbàjámọ̀, kí n sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé orí mi ń ṣe nǹkan tí orí mi ò ní ṣe láéláé. Mo ní mi ò sọ ọ́. Ó ní eré lásán ni. Mo ní kó fi bánkì ṣeré, kó fi lẹ́tà ṣeré, kó fi orí mi sílẹ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ, ọmọ mi, àbí irọ́ ni mo pa?

Ó gba páálí lọ́wọ́ mi, ó nà án sí ìyá aránṣọ. Ìyá aránṣọ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní òun lọ́mọ tí òun ń tọ́. Ó nà án sí awakọ̀ akẹ́rù, ìyẹn ní ọ̀nà jíjìn ni òun ń lọ lọ́la, kí wọ́n má fi nǹkan ran òun. Kí á tó mọ̀, gbogbo wa ti di dókítà, dókítà méje nínú ọsibítù kan, kò sí ẹni tí a máa tọ́jú. Ni tíṣà bá ní òun fúnra òun á ṣe é. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí bẹ́ǹṣì, ó di orí mú, ó ń ké. Gbogbo kíláàsì pariwo pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! A sáré gbé e dìde, ìyá aránṣọ ń gbọn aṣọ rẹ̀ nù, awakọ̀ bu omi wá. Dípò kó dúpẹ́, ó bínú. Ó ní ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdàrúdàpọ̀ yìí? Èmi ni wọ́n nàka sí.

Ó ní ó dáa, kí n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Awakọ̀ ló jókòó síbẹ̀. Páálí tèmi ní kí n wá sọ pé ọmọ mi báyìí báyìí, mi ò fẹ́ kọ ọ́. Tíṣà ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti dàgbà, kí n fi ọmọ-ọmọ mi ṣe é. Kí n tó la ẹnu, awakọ̀ ti ń ka ìbéèrè tirẹ̀. Ó ní báwo ni ọmọ náà ṣe ga tó? Kí ló fẹ́ràn láti jẹ? Kí ló máa ń bà á lẹ́rù? Kí ni wọ́n máa ń pè é nílé tó fi máa ń dáhùn? Mo fọwọ́ gbá tábìlì, mo mú fìlà mi, mo jáde. Tíṣà tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní bí mi ò bá parí gbogbo tábìlì, òun ò ní fún mi ní ìwé-ẹ̀rí. Mo ní kó fi lẹ ògiri.

Mo bínú dé ṣọ́ọ̀bù. Mo ń fá pákó, mo ń bú tíṣà, ni mo bá dá ọwọ́ dúró. Ìbéèrè mẹ́rin ni awakọ̀ bi mí, kò sí ọ̀kan tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Kì í ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì o. Ní Yorùbá pàápàá mi ò mọ̀ ọ́n. Nínú fóònù, orí àti èjìká rẹ̀ nìkan ni mo rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ bó ṣe ga tó?

Nítorí náà, kì í ṣe tíṣà ni mò ń bá jà mọ́, ìwọ ni. Èdè tí mo fi tọ́ ọ, tí mo fi bá ọ wí, tí mo fi gbàdúrà fún ọ lọ́jọ́ tí o ń lọ sí ìlú ńlá, èwo ló ṣe ọ́ nínú rẹ̀ tí o ò fi lè fún ọmọ rẹ ní díẹ̀? Ohun tí mo kọ̀ láti sọ fún awakọ̀, mo ń kọ ọ́ sí ọ báyìí: ọmọ-ọmọ mi sọnù. Ìwọ lo mọ ibi tó wà. Bá mi mú un wá.

Fi owó ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà ìsinmi ilé ìwé, kí ìyá rẹ lè wá mú un. Owó ìwásílé nìkan ni kí o san, ti ìpadà, bó bá gbọ́ èdè tán, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀ ọ́. Fi owó gíláàsì ojú mi kún un. Jọ̀ọ́, fi rán ẹni tó ń bọ̀, má fi sínú fóònù mọ́. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo tú fóònù náà palẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, irun rẹ á funfun nínú ayọ̀. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá sì pe ọmọ-ọmọ rẹ, kò ní wo ojú ẹlòmíì kó tó dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.