Ìdí-Ìrókò Tí Kò Ní Ìrókò

Ìyé mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Okun o, bá a ṣe ń kíra wa nílé. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ṣadé tó ń tọ́jú yín, mo kí gbogbo ará Odò-Ape ìlú wa tó bá ka èyí nínú ìwé ìròyìn.

Èmi tí mo ru búlọ́ọ̀kù ní Kàdúná, tí mo sùn ní gáréèjì, tí mo fọ àwo ní London títí èékánná mi fi ń bó, tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi létí, èmi náà ni mo ní ṣọ́ọ̀bù iṣu méjì ní London níbí lónìí! Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, àwọn tó lọ sí yunifásítì ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, ẹ̀yin lẹ bí mi.

Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tán nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa fi ohùn Bùnú, èdè ilé wa, kí mi.

Ní Sátidé, ọmọ mi Bọ́lá ń ka ìwé ìtàn àròsọ kan tí ará Palẹsítínì kọ, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí mo ṣe ń to iṣu. Ìyá arúgbó kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ìbọn lé kúrò lábúlé rẹ̀. Inú àgọ́ ló wà, síbẹ̀ tó bá rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, á ní kó lọ sí ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́. Kò sí ọ̀pọ̀tọ́ kankan níbẹ̀, abúlé ni igi wà. Ọmọ náà á sì lọ tààrà síbi tí wọ́n fi orúkọ náà pè nínú àgọ́. Bọ́lá ní àwọn òǹkọ̀wé wọn máa ń fi ohùn abúlé sẹ́nu arúgbó bẹ́ẹ̀, kí orúkọ má baà bá ilẹ̀ lọ.

Mo gbé iṣu ọwọ́ mi sílẹ̀. Ìyé, ṣé ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ rán mi sí Ìdí-Ìrókò? Mo wá ìrókò títí, mo sunkún wálé. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pè mí ní ọ̀dẹ̀, ẹ ní orí òkè tí wọ́n ti bí yín ni ìrókò wà, orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ rù sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiwa ò burú tó tiwọn o. Ẹnikẹ́ni ò lé wa, ọ̀nà mọ́tò la sọ̀ kalẹ̀ wá bá. Àwọn tí wọ́n lé ń rántí, àwa tá a fẹsẹ̀ ara wa rìn ló ń gbàgbé. Bọ́lá bi mí ní orúkọ àwọn agboolé orí òkè. Èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan, mo dárúkọ méjì, ó tán. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ lórí fóònù pé ẹ ti ń fi orúkọ bàbá mi pe àwọn ọmọdé. Oorun ò kùn mí mọ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kó má jẹ́ kí iyè yín ra. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti Bọ́lá máa wọlé. Ẹ̀yin ẹ má gun òkè o. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sí yín létí. Èmi àti orúnkún mi yìí la máa gòkè. Níbi tí mo bá ti rí àlàpà, màá dúró, màá pè yín, màá sọ ohun tí mo rí. Kí ẹ̀yin wá sọ ilé ẹni tó jẹ́ fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Délé