Ẹlẹ́dẹ̀ Ara Géètì Rúlà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta, 2025
Bàbá Monínúọlá gbéṣẹ́ fún mi! Kí n kọ "Ilé" sára géètì ilé tuntun wọn n'Ígbemọ, àmọ́ kó yàtọ̀ sí ti gbogbo àdúgbò. Rúlà ni mò ń pè wọ́n níbí — wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, síbẹ̀ rúlà ò kúrò lábíyá wọn. Wọn ò tíì gbà kí n fẹ́ ọmọ wọn. "Akọpátákó lásánlàsàn" ni wọ́n pè mí. Wọ́n á rí mi.

Ọjọ́ Ajé, 3
Ti Ṣáínà ni mo kọ: 家. Ṣebí mo ti ń kọ́ èdè wọn lórí fóònù. Rúlà wọn ọ́n lókè, wọ́n wọn ọ́n nísàlẹ̀. Ó gún régé! Wọ́n ní kí wọ́n bu iyán fún mi — ẹran méjì. Orin ni mo kọ dé Adó lórí ọ̀kadà.

Ọjọ́rú, 5
Ẹnu mi yìí! Rúlà bi mí báwo nìyẹn ṣe jẹ́ ilé. Mo ní òrùlé ló wà lókè. Ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀n… ẹlẹ́dẹ̀ ni, sà.
Mo ṣàlàyé pé eegun ni àwọn ará Ṣáínà ń fín in sí láyé àtijọ́, tikùn-tìrù. Nígbà tó di orí ọparun tóóró, wọ́n gbé ẹlẹ́dẹ̀ nàró. Búrọ́ṣì dé, ikùn lọ, ó ku ìlà. Kó lè yé wọn, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó jọ ẹlẹ́dẹ̀. Ó tiẹ̀ jọ ọ́ jù. Ìyá Abọ́sẹ̀dé tó ń kọjá lọ bi wá bóyá a ti ń ta ẹlẹ́dẹ̀ ni.
Bínú bá ń bí Rúlà, Èkìtì ẹnu wọn á jáde, "ilé" á di "ulé". "Ẹlẹ́dẹ̀! Nínú ulé mi!" Wọ́n ní kí n gbàgbé Monínúọlá, kí n má sì tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo jẹ ẹ̀bà díẹ̀. Monínúọlá pè. Rúlà ti ra ọ̀dà funfun láti fi pa á rẹ́, àmọ́ wọn ò tíì ṣí i. Àwọn èèyàn ń wá wo géètì. Rúlà ló ń fi rúlà tọ́ka fún wọn: "Ìrù ẹ̀ rèé." Mo ní irọ́ ni!

Ọjọ́ Àìkú, 9
Rúlà fúnra wọn pè lẹ́yìn ìsìn. Mo dìde dúró kí n tó gbé e. Irú eegun wo ni wọ́n fín in sí? Àlejò kan ló bi wọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́n. Eegun èjìká màlúù, sà. Wọ́n wúkọ́.
"Dàmọ́lá, bí àwọn ẹbí ẹ bá ń bọ̀ wá tọrọ Monínúọlá, kí wọ́n má mú ewúrẹ́ wá. Òrùlé ti wà níbí. Ẹlẹ́dẹ̀ ló kù kó di ilé."
"Ilé" ni wọ́n pè é o. Wọn ò pè é ní "ulé".