Ẹni Tó Ni "Stáàtì"

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Tíṣà gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kalẹ̀: "stáàtì". Ká kọ ìtumọ̀ ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń lò ó wá ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo ní kí ló tún kù — Bàbá mi tó jẹ́ mẹkáníìkì ń pariwo ẹ̀ nígbà ogún lójúmọ́! Tíṣà ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìtumọ̀, aláròyé." Bó ṣe kẹ̀yìn sí wa báyìí, mo sín in jẹ, àti imú dídí ẹ̀. Ẹ̀rín pa kíláàsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo lọ wo ìlò ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá á torí bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi — Òpó, ó ga bí òpó, kì í sọ̀rọ̀ bí òpó — á jókòó nínú ọkọ̀, sídìí kọ́kọ́rọ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà lókè ò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Ohùn nìkan ló kù. Bàbá á yọwọ́, wọ́n á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan: "Stáàtì ẹ̀!" Òpó á yí i. Tó bá jẹ́ ẹnu ẹlòmíì, rárá o. Òfin ni.

Ọjọ́rú, 5
Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ikọ́ gan-an wà níbẹ̀. Mo fohùn Bàbá béèrè oúnjẹ, Màmá sáré gbé e jáde. Èmi ló bá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo ṣe é.
Ẹ̀yìn táyà ni mo sá pamọ́ sí. Mo rò pé Bàbá ti lọ fọwọ́ ni. Ikọ́ — "Stáàtì ẹ̀!" Òpó yí i. Àṣé ọwọ́ Bàbá ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì! Fáànù fa apá ẹ̀wù wọn ya.
Bàbá yọwọ́. Wọ́n ń wo ìka wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pé.
Òpó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ pè é."
"Èmi? Ṣé mo fẹ́ gé ọwọ́ ara mi ni?"
Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kó dá ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sílẹ̀ — wọ́n ní kó gbàgbé ẹ̀, ẹni tí ò mọ ohùn ọ̀gá ẹ̀.
Mo ṣì wà lẹ́yìn táyà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Òpó ń gbálẹ̀. Mo gbé oúnjẹ mi fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Bàbá ní irọ́ ni, mo fẹ́ gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ ni. "Ó yá, ṣe é ká gbọ́."
Mo ṣe é, àti ikọ́ ẹ̀. Òpó ò mọ ìgbà tó nawọ́ bí ẹni fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́.
Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí Òpó. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń pè é. O ti gbà á lẹ́nu mi."
Láti ọ̀la, dípò kí wọ́n pè é, sípánà ni wọ́n máa fi kan ara ọkọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ohun tí mo kọ fún Tíṣà: "Stáàtì: ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì nìkan ló lè sọ ọ́." Ó fún mi ní òdo. Ó dáa.
Lọ́sàn-án, ní ṣọ́ọ̀bù: kò-kò-kò.
Ahọ́n mi ti mọ ìró sípánà yẹn ṣe. Mo gbé e mì.