Ọ̀rá Búrẹ́dì Tó Wà Lára Ògiri Ìyá Wa

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi, wọ́n mọ̀ mí ní ìlú Ìyeré.

Ayàwòrán ni mí, ohun tó bá wà lọ́kàn mi ni mo ń yà. Dìsáìnì ni àbúrò mi obìnrin ń ṣe ní tiẹ̀. Ohun tí oníbàárà bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Òun ló ṣe àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì kan tó gbòde l'Ọ́wọ̀ báyìí. Mo ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn, ohun tí wọ́n ń jù sí ààtàn? Àfi bí ìyá wa ṣe fọ ọ̀rá yẹn, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, lókè àwòrán wọn tí mo yà!

Mò ń jowú, mi ò ní purọ́. Èmi tí mi ò fẹ́ràn búrẹ́dì ń rà á lójoojúmọ́, mò ń wá àṣìṣe lára ọ̀rá rẹ̀. Mi ò tíì rí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹni tó bá rí àṣìṣe kan níbẹ̀ nínú yín, ẹ dákun, ẹ tètè pe olóòtú.